Bí ẹ ṣe lè wá àwọn tó ń tẹ̀lé ara wọn nínú dátábéèsì láìka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ wo gbólóhùn yìí ná: “Bọ́lá àti Ṣadé rí ara wọn.” Ó lè jẹ́ pé Bọ́lá rí Ṣadé, Ṣadé náà rí Bọ́lá. Ó sì lè jẹ́ pé kálukú dúró síwájú dígí, ó rí ara tiẹ̀. “Ara wọn” kan náà là ń lò fún méjèèjì, ẹni tó ń gbọ́ wa ló máa fòye mọ èyí tá a ní lọ́kàn. Dátábéèsì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ sí nínú tábìlì, ò ní irú òye yẹn o. Tẹ́ ẹ bá bi í pé àwọn wo ló ń tẹ̀lé ara wọn (follow) lórí áàpù kan, ó máa kó ẹni tó ń tẹ̀lé ara ẹ̀ àti àwọn méjì tó ń tẹ̀lé ara wọn wá papọ̀, ó sì tún máa ka àwọn méjì yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi náà ti kó sí i rí. Mo bá oníbàárà kan ka iye àwọn tó ń tẹ̀lé ara wọn lórí áàpù wọn, mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ohun tí wọ́n fẹ́ fi han àwọn tó máa fowó sí iṣẹ́ náà kí n tó rí i pé ìlọ́po méjì ni nọ́ńbà yẹn. Ó dùn mí gan-an ni, torí àmì kan ṣoṣo ló yẹ kó wà nínú query yẹn, ìyẹn ìbéèrè tí mo kọ sí dátábéèsì, tí ò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká rọra gbà á ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, ẹ ṣí PostgreSQL tàbí MySQL 8 tàbí SQLite sílẹ̀ (ètò dátábéèsì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, SQL sì ni èdè tá a fi ń bá wọn sọ̀rọ̀), kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bá mi lọ. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra, màá sọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú ìbátan tó wà nílẹ̀

Ẹ má tíì kọ kóòdù kankan. Ẹ bi ara yín pé tí A bá jẹ́ nǹkan sí B, kí ni B jẹ́ sí A?

Tí Kúnlé bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n Táyọ̀, Táyọ̀ ò lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n Kúnlé láéláé, àbúrò ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì rí i lọ́nà méjì nínú tábìlì yín, àṣìṣe ti wọlé nìyẹn. Ìbejì ńkọ́? Tí Táíwò bá jẹ́ ìbejì Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé jẹ́ ìbejì Táíwò, ẹnikẹ́ni ò nílò láti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. (Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wá bèèrè pé ta ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ìbejì yẹn, ìbéèrè mìíràn nìyẹn, a sì mọ̀ pé Kẹ́hìndé là ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ibi tí wọ́n máa kọ ìyẹn sí gbọ́dọ̀ yàtọ̀.)

Ẹ̀kẹta ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: èyí tó lè padà, tó sì lè má padà. Mo ń tẹ̀lé ẹ, o lè tẹ̀lé mi padà, o sì lè má dá mi lóhùn. Mo tajà fún ẹ láwìn, ìwọ náà lè ta fún mi láwìn lọ́la. Ẹ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì: tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹnì kan lórí Facebook, òun náà ti di ọ̀rẹ́ yín, bí ìbejì ló ṣe rí, àmọ́ follow ti Instagram, ìyẹn lè dúró sápá kan títí ayé. Ibi ẹ̀kẹta yìí la ti máa pẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tẹ́ tábìlì

```
CREATE TABLE eniyan (
  id INTEGER PRIMARY KEY,
  oruko VARCHAR(60) NOT NULL
);

CREATE TABLE itele (
  olutele INTEGER NOT NULL,
  asaaju  INTEGER NOT NULL,
  PRIMARY KEY (olutele, asaaju),
  FOREIGN KEY (olutele) REFERENCES eniyan(id),
  FOREIGN KEY (asaaju)  REFERENCES eniyan(id)
);

INSERT INTO eniyan VALUES
  (1,'Bọ́lá'),(2,'Ṣadé'),(3,'Kúnlé'),
  (4,'Rónkẹ́'),(5,'Táyọ̀');

INSERT INTO itele VALUES
  (1,2),(2,1),(1,3),(3,4),
  (4,3),(5,1),(2,4),(5,5);
```

Olùtẹ̀lé lẹni tó ń tẹ̀ lé èèyàn, aṣáájú sì lẹni tó wà níwájú tí wọ́n ń tẹ̀lé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan orúkọ méjì tí wọn ò jọra ni. Mo ti rí tábìlì tí wọ́n pe kọ́lọ́ọ̀mù ẹ̀ ní `user1` àti `user2`, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò sẹ́ni tó rántí mọ́ pé ta ló ń tẹ̀lé ta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí orúkọ àwọn èèyàn bó ṣe yẹ, kí ẹ sì fún kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ láyè dáadáa, torí “ọ́” tá a rí bíi lẹ́tà kan, méjì ni kọ̀ǹpútà máa ń kà á sí, ọ kan, àmì òkè kan. Bọ́lá tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin lójú wa, márùn-ún ni lójú tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi VARCHAR(10) sílẹ̀, orúkọ tó gùn lè má gba ibẹ̀.

PRIMARY KEY orí kọ́lọ́ọ̀mù méjèèjì, ìyẹn òfin pé nọ́ńbà méjì kan náà ò gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ṣe pàtàkì gan-an. Edgar Codd tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ló gbé ètò dátábéèsì onítábìlì yìí kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1970, ó sì sọ níbẹ̀ pé ìlà méjì ò gbọ́dọ̀ jọra látòkè délẹ̀. SQL fúnra ẹ̀ ò fi dandan mú yín, ẹ̀yin lẹ máa fi key yẹn mú un. Tí (1,2) bá lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ìṣirò tá a fẹ́ ṣe nísàlẹ̀ yìí ló máa dàrú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka tábìlì kan náà lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ ronú pé ẹ tẹ tábìlì `itele` jáde sórí pépà méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ fi ìka sí ìlà kan lọ́wọ́ òsì, ẹ ní 3, 4, ìyẹn ni pé Kúnlé ń tẹ̀lé Rónkẹ́. Ẹ wá yí i po lẹ́nu yín: 4, 3. Ẹ wá 4, 3 lórí pépà ọwọ́ ọ̀tún. Ó wà níbẹ̀, a jẹ́ pé Rónkẹ́ ń tẹ̀lé Kúnlé padà. Ẹ tún gbé ìka sí 1, 3. Ẹ yí i po, 3, 1. Ẹ wá a títí, kò sí, Kúnlé ò tẹ̀lé Bọ́lá. Ohun tá a fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wa ṣe ò ju ìyẹn lọ, ó kàn fẹ́ ká fún pépà méjèèjì lórúkọ ni kó má baà dà wọ́n pọ̀, òsì máa jẹ́ `a`, ọ̀tún máa jẹ́ `b`, JOIN ló sì máa so wọ́n pọ̀:

```
SELECT a.olutele, a.asaaju
FROM itele a
JOIN itele b
  ON  b.olutele = a.asaaju
  AND b.asaaju  = a.olutele;
```

Ẹ wo ìlà ON méjèèjì dáadáa. Olùtẹ̀lé ọ̀tún gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣáájú òsì, aṣáájú ọ̀tún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ olùtẹ̀lé òsì. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ìlà kejì, ẹ máa rí ìdáhùn o, àmọ́ ìbéèrè mìíràn lẹ ti béèrè, ìyẹn àwọn tí ẹni tí mò ń tẹ̀lé ń tẹ̀lé.

Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà ṣe é. Ìlà márùn-ún ló máa jáde: (1,2), (2,1), (3,4), (4,3), àti (5,5). Ìyẹn ò sì dáa, torí pé nínú ayé, ọ̀rẹ́ méjì méjì ọ̀nà méjì péré ló wà níbí, Bọ́lá òun Ṣadé, Kúnlé òun Rónkẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àmì kan ṣoṣo yẹn

(5,5) ni Táyọ̀ tó ń tẹ̀lé ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí 5,5 po, 5,5 náà ni, ìlà yẹn bá ara ẹ̀ pàdé lórí pépà kejì, kọ̀ǹpútà wá gbà pé ó ti padà. “Ara wọn” tó níṣòro látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. (1,2) àti (2,1) ní tiwọn, èèyàn méjì kan náà ni wọ́n, a kàn bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bọ́lá nígbà kan, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ṣadé nígbà kejì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lo DISTINCT níbí, èyí tó máa ń yọ àwọn ìlà tó jọra. Kò lè ṣiṣẹ́, torí (1,2) àti (2,1) ò jọra lójú DISTINCT. Ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé ká ní ká mú kìkì ìlà tí nọ́ńbà kékeré ti ṣáájú:

```
SELECT p.oruko AS eni_kan, q.oruko AS enikeji
FROM itele a
JOIN itele b
  ON  b.olutele = a.asaaju
  AND b.asaaju  = a.olutele
JOIN eniyan p ON p.id = a.olutele
JOIN eniyan q ON q.id = a.asaaju
WHERE a.olutele < a.asaaju;
```

`<` yẹn pa ẹyẹ méjì lókùúta kan. 2 ò kéré sí 1, nítorí náà (2,1) jáde lọ, 5 ò sì kéré sí 5, Táyọ̀ náà jáde lọ. Ó ku Bọ́lá àti Ṣadé, Kúnlé àti Rónkẹ́. Ẹ tún kíyè sí i pé ẹ̀ẹ̀mejì la pe tábìlì `eniyan`, lórúkọ `p` àti `q`, torí pé orúkọ èèyàn méjì la fẹ́ kà nínú ìlà kan.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa tẹ̀lé ara ẹ̀ rárá, ẹ tètè dí i látẹnu ọ̀nà, ẹ fi `CHECK (olutele <> asaaju)` sínú tábìlì. Ní MySQL, láti ẹ̀dà 8.0.16 ni CHECK ti ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú ìyẹn máa gbà á lọ́wọ́ yín, wọn ò ní fariga, wọn ò sì ní lò ó, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tó bá jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, ẹ yọ `<` kúrò

Ibi tí ẹni tó ti mọ `<` dáadáa ti tún máa ń ṣubú nìyí. Ẹ ní Ṣadé ṣí áàpù, ẹ fẹ́ fi àwọn tóun àtàwọn jọ ń tẹ̀lé ara wọn hàn án. Ẹ mú query òkè yẹn, ẹ fi `AND a.olutele = 2` sí i. Òfìfo ló máa jáde! Bẹ́ẹ̀ Ṣadé àti Bọ́lá ń tẹ̀lé ara wọn. Ohun tó fà á ni pé Bọ́lá ni 1, Ṣadé ni 2, ìlà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún wọn ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bọ́lá. Àwọn tí nọ́ńbà wọn kéré sí ti Ṣadé ti pa rẹ́ mọ́ ọn lójú, àwọn yẹn ló sì pẹ́ jù lórí áàpù, bóyá àwọn tó mọ̀ jù lọ náà nìyẹn.

Tí ẹnì kan bá ti dúró gbọn-in ní òsì, kò sí bí a ṣe máa kà á lẹ́ẹ̀mejì mọ́, nítorí náà a ò nílò `<`. Ẹni fúnra ẹ̀ nìkan la máa yọ:

```
SELECT e.oruko
FROM itele a
JOIN itele b
  ON  b.olutele = a.asaaju
  AND b.asaaju  = a.olutele
JOIN eniyan e ON e.id = a.asaaju
WHERE a.olutele = 2
  AND a.asaaju <> 2;
```

Bọ́lá máa yọjú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn tí wọn ò tẹ̀lé padà

Ìbéèrè yìí làwọn oníbàárà fẹ́ràn jù, wọ́n á ní “ta ni mò ń tẹ̀lé tí ò tẹ̀lé mi?” Ẹ ò ní í wá ìlà tó wà lórí pépà ọ̀tún mọ́, èyí tí ò sí níbẹ̀ lẹ fẹ́:

```
SELECT a.olutele, a.asaaju
FROM itele a
WHERE NOT EXISTS (
  SELECT 1 FROM itele b
  WHERE b.olutele = a.asaaju
    AND b.asaaju  = a.olutele
);
```

(1,3), (5,1), (2,4). Táyọ̀ ń tẹ̀lé Bọ́lá, Bọ́lá ò wo ẹ̀yìn. Ibí yìí náà, ẹ ò nílò `<`, torí pé ìlà tí ò ní ìkejì ò lè jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yọ NOT kúrò, ẹ máa tún rí àwọn márùn-ún ti ìgbésẹ̀ kẹta, mo sì fẹ́ràn EXISTS ju JOIN lọ tí mi ò bá fẹ́ mú nǹkan kan látinú `b`, ó rọrùn láti kà. NOT IN ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: tí NULL (àyè tí wọn ò kọ nǹkan kan sí) kan ṣoṣo bá wà nínú lísìtì tẹ́ ẹ fún un, kò ní dá ìlà kankan padà, kò sì ní sọ ìdí.

Ọ̀rọ̀ ìyára ńkọ́? Inú mi dùn láti sọ pé PRIMARY KEY tá a ṣe yẹn ti tó fún gbogbo ìyípo tá a ti ń ṣe, torí pé bí kọ̀ǹpútà ṣe mú (3,4) tó sì fẹ́ wá (4,3), kọ́lọ́ọ̀mù méjèèjì ló mọ̀, key náà ló máa fi wá a. Ibi tí kò ti tó ni ìgbà tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ mọ àwọn tó ń tẹ̀lé Bọ́lá, torí aṣáájú ló wà lẹ́yìn nínú key. Fún ìyẹn, ẹ ṣe index, ìyẹn atọ́ka tó ń jẹ́ kí wíwá yá: `CREATE INDEX itele_padaseyin ON itele (asaaju, olutele);`, kẹ́ ẹ sì fi EXPLAIN, tó ń fi bí dátábéèsì ṣe fẹ́ wá nǹkan hàn, síwájú query yín kẹ́ ẹ rí i bóyá ó ń lò ó.

Ìgbésẹ̀ keje: ọ̀rẹ́ tó dà bí ìbejì

Tó bá jẹ́ irú ìbátan tí kò lè dúró sápá kan, ẹ̀ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nọ́ńbà kékeré ṣíwájú. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, (2,4) àti (4,2), kí query lè rọrùn. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí ọjọ́ tí wọ́n bá pa ìlà kan rẹ́ tí wọ́n gbàgbé ìkejì, Ṣadé á ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ Rónkẹ́ nígbà tí Rónkẹ́ ò jẹ́ ọ̀rẹ́ Ṣadé mọ́.

```
CREATE TABLE ore (
  eni1 INTEGER NOT NULL,
  eni2 INTEGER NOT NULL,
  PRIMARY KEY (eni1, eni2),
  CHECK (eni1 < eni2)
);
CREATE INDEX ore_eni2 ON ore (eni2, eni1);

INSERT INTO ore VALUES (LEAST(4,2), GREATEST(4,2));

CREATE VIEW ore_gbogbo AS
  SELECT eni1 AS eni, eni2 AS ekeji FROM ore
  UNION ALL
  SELECT eni2, eni1 FROM ore;
```

Ní SQLite, `min(4,2)` àti `max(4,2)` lẹ máa kọ dípò LEAST (èyí tó kéré jù) àti GREATEST (èyí tó pọ̀ jù). View yẹn, ìyẹn query tá a fún lórúkọ ká lè máa kà á bíi tábìlì, ló máa bá yín yí i po, kò sídìí láti tún máa kọ OR kiri nínú gbogbo query. Ọ̀rẹ́ tí Bọ́lá àti Ṣadé jọ ní sì wá rọrùn, INTERSECT ló ń mú ohun tó wà nínú méjèèjì:

```
SELECT ekeji FROM ore_gbogbo WHERE eni = 1
INTERSECT
SELECT ekeji FROM ore_gbogbo WHERE eni = 2;
```

MySQL ò ní INTERSECT títí di 8.0.31. Tí tiyín bá ti pẹ́ jùyẹn, ẹ JOIN view náà mọ́ ara ẹ̀ lórí `ekeji`.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: tí ìlà bá ní owó nínú

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́jà. Bọ́lá ń ta aṣọ, Ṣadé ń ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ń gba ọjà lọ́wọ́ ara wọn láwìn. Onígbèsè lẹni tó jẹ owó, olówó lẹni tó máa wá sin ín. Èèyàn lè jẹ gbèsè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, nítorí náà tábìlì yìí gbọ́dọ̀ ní id tiẹ̀.

```
CREATE TABLE gbese (
  id INTEGER PRIMARY KEY,
  onigbese INTEGER NOT NULL,
  olowo    INTEGER NOT NULL,
  iye      INTEGER NOT NULL
);
INSERT INTO gbese VALUES
  (1, 1, 2, 15000),
  (2, 2, 1,  6000),
  (3, 1, 2,  4000),
  (4, 3, 1,  9000);
```

Ẹ ṣírò ẹ̀ lórí pépà ná. Bọ́lá jẹ Ṣadé ní 15000 àti 4000, ó di 19000. Ṣadé jẹ Bọ́lá ní 6000. Tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, Bọ́lá ṣì jẹ Ṣadé ní 13000 náírà.

Tẹ́ ẹ bá wá lo JOIN ìgbésẹ̀ kẹta níbí, ìlà Bọ́lá méjèèjì ló máa bá ìlà Ṣadé kan ṣoṣo yẹn pàdé, 6000 á wọlé lẹ́ẹ̀mejì, á di 12000, ẹ máa sọ fún Bọ́lá pé 7000 ló kù. Ṣadé ti pàdánù 6000 nìyẹn nítorí query, irú nǹkan tí àwọn ọ̀rẹ́ ṣe ń jà nìyí. Owó ò gbọ́dọ̀ gba ojú JOIN yẹn kọjá. Ẹ kó ìlà àwọn méjì jọ sójú kan, kí ẹ fi àmì ìyọkúrò sáwọn tó ń lọ sápá kejì:

```
SELECT LEAST(onigbese, olowo)    AS eni1,
       GREATEST(onigbese, olowo) AS eni2,
       SUM(CASE WHEN onigbese < olowo
                THEN iye ELSE -iye END) AS eku
FROM gbese
WHERE onigbese <> olowo
GROUP BY LEAST(onigbese, olowo),
         GREATEST(onigbese, olowo)
HAVING COUNT(DISTINCT onigbese) = 2;
```

LEAST àti GREATEST ló sọ (1,2) àti (2,1) di orúkọ kan náà. HAVING yẹn ló ń bèèrè bóyá àwọn méjèèjì ló ti jẹ onígbèsè nígbà kan: láàárín 1 àti 2, onígbèsè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la rí, wọ́n wọlé, láàárín 1 àti 3, Kúnlé nìkan ló jẹ, wọ́n jáde. Ìlà kan ló máa yọ, 1, 2, 13000.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kà á nìyí: tí `eku` bá ju òdo lọ, `eni1` ló ṣì jẹ `eni2`. Tó bá kéré sí òdo, `eni2` ló jẹ. Ẹ yọ HAVING kúrò, ẹ máa rí Kúnlé náà, 1, 3, -9000, ìyẹn ni pé òun ló jẹ Bọ́lá. Tó bá sì jẹ́ òdo gan-an, wọ́n ti san án tán fún ara wọn, ẹ sì lè pa ìlà wọn mọ́ kúrò lójú ẹni tó ń wo áàpù, àmọ́ ẹ má pa á rẹ́ kúrò nínú tábìlì, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn máa ní kẹ́ ẹ fi bí owó ṣe rìn han òun.